Ọlọ́dẹ, onílù àti pọ́ǹpù: kí ni ẹ̀rọ inú àyà ń ṣe fún ọkàn tó ti rẹ̀?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìjà kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa. Bàbá wa kan ní Ìsánlú, ẹni ọdún 66, ti ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn láti ọjọ́ pípẹ́, torí bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí kì í tó o. Wọ́n gbé e lọ ṣe ẹ́kò ọkàn (àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn lójú ẹ̀rọ), èsì sì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà kan: 28. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ti gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ pé kí gbogbo ẹbí dá owó jọ, ẹ̀rọ ọkàn ni kí wọ́n fi sí Bàbá láyà, òun ń rí àwọn tó ní i níbi iṣẹ́ òun lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kàbà dáhùn pé ẹnì kan ní Mọ̀pà fi ẹ̀rọ sáyà, kò lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní kí wọ́n má dẹ́rù ba Bàbá, òun mọ màmá kan tó ti gbé tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, tó ṣì ń lọ sóko.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ òótọ́. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, fún àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n wá fi pe gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí láti Yàgbà títí dé Bùnú kò yàtọ̀: ṣé ẹ̀rọ yìí ń mú ẹ̀mí gùn? Èmi náà á bi wọ́n padà: ẹ̀rọ wo, fún ta ni, lẹ́yìn oògùn wo?

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà yẹn ná. Pọ́ǹpù ni ọkàn. Bí yàrá apá òsì rẹ̀ bá kún fún ẹ̀jẹ̀, kì í tú gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn tó le ń tú ju ìdajì lọ, bíi 55 sí 70 nínú 100. Ti Bàbá jẹ́ 28. Èyí tó kù ń dúró sẹ́yìn, omi ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ ń wú, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì á sì dà bí Òkè Pátì ní Lọ́kọ́jà. Heart failure ni dókítà ń pè é. Àárẹ̀ ọkàn ni èmi ń pè é, torí ọkàn náà kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ẹ̀rọ wọ̀nyí, 35 ni ààlà: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà ní 35 tàbí kó kéré sí i ni wọ́n ń ronú ẹ̀rọ fún.

Ọ̀nà méjì ni àárẹ̀ ọkàn ń gbà pa èèyàn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti pínyà. Ọ̀kan ń lọ díẹ̀díẹ̀: pọ́ǹpù ń rẹ̀ sí i, omi ń pọ̀ lára sí i, títí kò fi sí ohun tó kù. Èkejì jẹ́ òjijì: ìlù ọkàn ya wèrè, ọkàn kàn ń gbọ̀n láìtú ẹ̀jẹ̀ kankan jáde, ẹni tó jókòó tó ń jẹ iyán á ṣubú sórí tábìlì. Ẹ̀rọ tó ń dí ikú àkọ́kọ́ lọ́nà kì í ṣe èyí tó ń dí èkejì.

Èyí tó wà fún ikú òjijì ni ICD. Ẹ ronú ọlọ́dẹ tí àdúgbò ń sanwó fún. Kì í bá yín ro oko, kì í bá yín pọnmi. Ó jókòó síta láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ẹ sì lè má gbóhùn rẹ̀ fún ọdún márùn-ún; ọjọ́ tí olè bá dé ni ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. ICD ń ṣọ́ ìlù ọkàn ní gbogbo ìgbà. Bí ìlù bá ya wèrè, á ta iná sí ọkàn kó lè padà sípò. Àwọn tí iná náà ti ta rí máa ń ní ó dà bí ìgbà tí ẹṣin ta èèyàn nípàá láyà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Michel Mirowski ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Irú ìlù wèrè bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀gá rẹ̀ kan tó fẹ́ràn gan-an, kò sì gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà pé ó lè ṣeé ṣe, títí di oṣù Èrèlé ọdún 1980 tí wọ́n fi èyí àkọ́kọ́ sínú èèyàn ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ọlọ́dẹ kì í ro oko. ICD kò fi agbára kún ọkàn. Ẹsẹ̀ tó ń wú kò ní tìtorí rẹ̀ fọn.

CRT ni ti onílù. Apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn ló yẹ kó jọ máa fún pọ̀. Lára àwọn kan tó ní àárẹ̀ ọkàn, ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà lọ sí apá òsì ti bàjẹ́, apá ọ̀tún á ti fún tán kí òsì tó gbọ́. Ìyáàlù ń sọ tirẹ̀, omele ń sọ tirẹ̀, ta ló máa jó irú ìlù bẹ́ẹ̀? CRT ń na wáyà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n lè jọ máa lù. Eléyìí ń bá èèyàn ro oko ní tòótọ́: ọkàn á máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa sí i, èémí á sì rọrùn. Oríṣi méjì ló wà: CRT-P, tó jẹ́ onílù nìkan, àti CRT-D, tí wọ́n fi ọlọ́dẹ kún.

LVAD ni pọ́ǹpù gan-an. Wọ́n á la àyà, wọ́n á rán an mọ́ ìsàlẹ̀ ọkàn, á sì máa fa ẹ̀jẹ̀ láti yàrá òsì lọ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá. Wáyà kan yọ síta láti ikùn, bátìrì tí èèyàn gbé kọ́ra ló ń fún un níná. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láìdúró nínú rẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì lè di ọrùn ọwọ́ ẹni náà mú kó má rí ìlù kankan gbọ́, kí ẹni náà sì máa bá a ṣàwàdà. (Mo máa ń ronú rẹ̀ bí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́dọ̀ wa lóru. Ẹkún á ti sọ kí dókítà tó jí.)

Ó wá ku èyí tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, pacemaker lásán, tó wà fún ọkàn tí ìlù rẹ̀ falẹ̀ jù. Ní 1958, ní Stockholm, wọ́n fi èyí àkọ́kọ́ sínú ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Arne Larsson. Wákàtí mélòó kan péré ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, títí ó fi lo 26 kó tó kú ní 2001 lẹ́ni ọdún 86. Dókítà tó la àyà rẹ̀ àti ẹnjiníà tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kú ṣáájú rẹ̀. Màmá tó ń lọ sóko lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá yẹn, ó jọ pé irú èyí ló wà láyà rẹ̀. Ọ̀nà àṣẹ ló já nínú ọkàn rẹ̀, pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní wàhálà. Inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ìtàn rẹ̀ ṣèlérí fún Bàbá.

Wàyí o, ìṣirò. Kí n tó ka nọ́ńbà kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iṣu. Bí ẹnì kan ní Ìjùmú bá gbin iṣu sílẹ̀ ọlọ́ràá létí odò, tó lo ajílẹ̀ kan, tí ẹlòmíràn gbin tirẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, tó lo ajílẹ̀ mìíràn, ṣé ẹ lè wo iṣu méjèèjì lọ́jà Kàbà kí ẹ ní ajílẹ̀ ti àkọ́kọ́ ló dára jù? Ilẹ̀ ni ẹ ń wò, ẹ rò pé ajílẹ̀ ni. Ohun tó bá ẹ̀tọ́ mu ni kí wọ́n pín oko kan náà sí méjì, kí wọ́n ṣẹ́ gègé lórí apá tí wọ́n máa fi ajílẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn oníṣègùn ń ṣe: aláìsàn tó jọra, gègé, àwọn kan gba ẹ̀rọ, àwọn kan kò gbà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á ka àwọn tó ṣì wà láyé.

Èyí tó lókìkí jù lórí ICD jáde ní 2005, SCD-HeFT ni wọ́n pè é. Èèyàn 2,521 ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí nọ́ńbà ọkàn wọn jẹ́ 35 sísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń dìde rìn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 45, nínú 100 àwọn tí kò ní ẹ̀rọ, 29 ti kú. Àwọn tó gba oògùn amiodarone, 28. Àwọn tó gba ICD, 22. Ìwé ìpolówó á kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà dín ikú kù ní ìdá 23 nínú 100. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí àwọn èèyàn náà fúnra yín: èèyàn 7 nínú 100 ló rí ẹ̀mí he láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Àwọn 71 ì bá wà láyé láìsí ẹ̀rọ. Àwọn 22 kú pẹ̀lú ẹ̀rọ láyà, torí kì í ṣe gbogbo ikú ni ọlọ́dẹ lè lé. Fún àwọn tí heart attack, ìyẹn dídí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lójijì, ti ba apá kan ọkàn wọn jẹ́ rí, ìwádìí MADIT-II ti 2002 rí ohun tó jọ ọ́: láàárín nǹkan bí oṣù 20, ikú bọ́ láti bíi 20 nínú 100 sí 14. Èèyàn 7, tàbí 6, kì í ṣe nǹkan kékeré bó bá jẹ́ pé Bàbá yín wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjíǹde.

Ti onílù yà mí lẹ́nu jù ú lọ. Nínú CARE-HF, ní Yúróòpù, 2005, wọ́n mú èèyàn 813 tí àárẹ̀ ọkàn wọn le, tí ìlù ọkàn wọn kò sì gún. Ní nǹkan bí oṣù 29, 30 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó wà lórí oògùn nìkan, 20 nínú àwọn tó gba CRT-P. Kò sí ọlọ́dẹ nínú ẹ̀rọ náà rárá o! Nígbà tí ọkàn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìlù wèrè pàápàá ń dín kù. Ní 2010, ìwádìí RAFT gbé ìbéèrè mìíràn kalẹ̀: gbogbo èèyàn 1,798 inú rẹ̀ ló gba ọlọ́dẹ, ìdajì wọn gba onílù kún un. Ní nǹkan bí oṣù 40, 26 nínú 100 ló kú ní apá ọlọ́dẹ nìkan, 21 ní apá tó ní méjèèjì.

Ẹni tó bá gba onílù ńkọ́, ṣé ó yẹ kó san owó ọlọ́dẹ mọ́ ọn? Owó CRT-D ju ti CRT-P lọ dáadáa, ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwàdà. COMPANION, ní 2004, fi hàn pé CRT-D dín ikú kù ní ìdá 36 nínú 100 sí ti oògùn nìkan, CRT-P ní ìdá 24, àmọ́ wọn kò gbé ìwádìí náà kalẹ̀ láti fi àwọn méjèèjì díje. Ní Jámánì, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìsọfúnni àwọn aláìsàn tó ju 3,500 lọ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022. Ní ojú lásán, àwọn tó ní CRT-P ń kú ju àwọn tó ní CRT-D lọ. Ilẹ̀ ni: àwọn àgbàlagbà ni dókítà ń fún ní CRT-P jù. Nígbà tí wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́.

Ti pọ́ǹpù ni ẹ ó fi rí i kedere pé ọ̀rọ̀ iṣu yẹn kì í parọ́. Ní 2001, ìwádìí REMATCH mú èèyàn 129 tí ọkàn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn ọdún kan, 52 nínú 100 ló kù láyé pẹ̀lú LVAD ìgbà yẹn; láìsí i, 25. Ní ọdún kejì, 23 sí 8. Ẹ̀rọ ti yí padà láti ìgbà náà. Pẹ̀lú HeartMate 3, èyí tó jẹ́ tuntun, 58 nínú 100 ló ń pé ọdún márùn-ún, nígbà tí ti ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ bíi 44. Ẹni tó bá fi 58 yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 78 tó ṣẹ́kù láyé pẹ̀lú ICD nínú SCD-HeFT á ní ICD ló dára jù. Ẹni tó gba ICD ń rìn lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba LVAD fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó gbà á; láìsí i, ọ̀pọ̀ wọn kò ní rí ọdún kan. Bí a bá ń wo ẹ̀mí tí ẹ̀rọ gbà là, kì í ṣe iye àwọn tó ṣẹ́kù láyé, LVAD ló ju gbogbo wọn lọ.

Ibi tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n la dé yìí. Ọ̀pọ̀ jù nínú ìwádìí tí mo kà wọ̀nyí, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó sì ń fa àárẹ̀ ọkàn lọ́dọ̀ wọn jù ni dídí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí THESUS-HF, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, wo èèyàn 1,006 tí wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bí 45 nínú 100. Dídí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn kò ju bí 8 lọ. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 52. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọlé: 52, nígbà tí ti òyìnbó sábà máa ń lé ní 65 dáadáa. Olùkọ́, awakọ̀, ìyá tó ṣì ní ọmọ níléèwé. Láàárín oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 18 nínú 100 wọn ti kú.

Ìwádìí tó sún mọ́ irú ọkàn tiwa jù wá láti Denmark ní 2016, DANISH lorúkọ rẹ̀. Èèyàn 1,116 ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí dídí òpó ẹ̀jẹ̀ fa tirẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ gègé, ìdajì gba ICD. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀, 21.6 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀rọ ti kú, 23.4 nínú àwọn tí kò gbà. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò jìnnà sí ti oríire. Kì í ṣe pé ọlọ́dẹ sùn o: ikú òjijì bọ́ láti 8.2 sí 4.3. Ikú òjijì fúnra rẹ̀ ló ti dín kù, torí oògùn tí wọ́n ń lò dáa, àwọn tó ju ìdajì lọ ní apá méjèèjì sì ti ní CRT.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi DANISH pa ọ̀rọ̀ rẹ́ pé ICD kò wúlò fún aláwọ̀ dúdú ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Wọ́n ń sáré jù. Nínú ìwádìí náà kan náà, bí ọjọ́ orí bá ṣe kéré tó ni èrè ẹ̀rọ ṣe ń hàn tó. Láti bí ẹni 70 sókè ni èrè náà ti pòórá. Tiwa sì rèé tó jẹ́ 52. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn tí àwọn ará Denmark ń lò kì í wọ́n nílé wọn. Nítorí náà, DANISH kò lé ẹ̀rọ jáde nílẹ̀ wa. Ohun tó sọ ni pé ká yéé fi ẹ̀rọ ṣáájú oògùn.

Oògùn gan-an ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí díẹ̀, torí òun ni àwọn ẹbí ń fò dá. Ní 1999, ìwádìí RALES fi spironolactone, hóró kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ, kún oògùn àwọn tí àárẹ̀ ọkàn wọn le. Ní nǹkan bí ọdún méjì, ikú bọ́ láti 46 nínú 100 sí 35. Èèyàn 11! (Mo mọ̀ pé ẹ ó rán mi létí iṣu: àwọn ti RALES ṣàìsàn ju àwọn ti SCD-HeFT lọ. Òótọ́ ni, mo gbà.) Ní ọdún kan náà, MERIT-HF fi hàn pé metoprolol dín ikú kù ní ìdá 34 nínú 100. Ní 2004, A-HeFT mú aláwọ̀ dúdú 1,050 ní Amẹ́ríkà, ó fi hydralazine àti isosorbide dinitrate kún oògùn tí wọ́n ń lò, ikú bọ́ láti 10.2 nínú 100 sí 6.2, wọ́n sì dá ìwádìí dúró kó tó pé torí kò yẹ kí wọ́n tún fi oògùn náà du àwọn tó kù. Dapagliflozin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ inú wọn ní 2019. Ní 2017, àwọn kan kó ìwádìí méjìlá pọ̀, ó lé ní èèyàn 40,000: láàárín nǹkan bí ogún ọdún tí oògùn wọ̀nyí fi ń pọ̀ sí i, ikú òjijì nínú àárẹ̀ ọkàn dín kù ní ìdá 44 nínú 100. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni oògùn ń bá a ṣe yẹn.

Òun ló fà á tí ìlànà àwọn oníṣègùn fi sọ pé kí wọ́n lo oògùn tó pé, ní ìwọ̀n tó pé, fún ó kéré tán oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún ẹ́kò ṣe, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ICD. Nọ́ńbà máa ń gòkè. Ó ń gòkè jù lọ lára àwọn ìyá tó bẹ̀rẹ̀ àárẹ̀ ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, irú èyí tó pọ̀ ní àríwá Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọkàn wọn ń padà sípò. Ẹni tó bá sáré fi ẹ̀rọ sí ìyá ọmọ ọgbọ̀n ọdún lóṣù àkọ́kọ́ lè ti gbé ẹrù bátìrì àti wáyà lé e fún gbogbo ayé rẹ̀ láìnídìí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi sí ẹni tí kò yẹ, ó lè pa á. Ní 2013, ìwádìí EchoCRT fi CRT sí àwọn tí ìwé ECG wọn (bébà tí ẹ̀rọ ń ya ìlù ọkàn sí) fi hàn pé ìlù wọn ṣì gún, tí ìgbì rẹ̀ kò fẹ̀. Wọ́n dá a dúró. Nínú 100 àwọn tí wọ́n tan CRT fún, 11 kú; nínú àwọn tí wọn kò tan tiwọn, 6. Ìwé ECG náà kò gbówó lórí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Fífẹ̀ ìgbì náà (QRS, ní mílísẹ́kọ́ńdì) ni kí ẹ bi dókítà: 120 sísàlẹ̀ ni ti ẹni tó gún, 150 sókè, pàápàá bí ọ̀nà àṣẹ apá òsì bá ti dí, ni ẹni tí CRT ń ràn lọ́wọ́ jù.

Tí ẹ̀rọ bá wá yẹ Bàbá, ọ̀nà ńkọ́? Dókítà tó ń fi ẹ̀rọ yìí sára kò sí ní gbogbo ìlú, ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ á gba Ẹ̀rúkù àti Ọ̀mù-Àrán lọ Ìlọrin tàbí kó tún kọjá síwájú, ẹni tó wà ní Kàbà á dojú kọ ọ̀nà Ọbájáná, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Kì í ṣe ìrìn ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mélòó kan síra, ti ilé iṣẹ́ kan kì í ka ti òmíràn. Bátìrì rẹ̀ á tán lẹ́yìn bí ọdún méje sí mẹ́wàá, wọ́n á tún ibẹ̀ là. LVAD ni mo tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ mẹ́nu kàn: bátìrì méjì rẹ̀ ń lo bí wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́tàdínlógún, ẹ sì mọ iye ọjọ́ tí NẸ́PÀ lè fi mú iná lọ ní Ìyàrà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Owó wá ńkọ́? Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ wa ti ń san án. Àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ti ń gba pacemaker lára àwọn tó ti kú, pẹ̀lú àṣẹ ẹbí wọn, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń dán an wò, wọ́n sì ń fi í sí àwọn tí kò lówó tuntun. Ìwádìí wọn tí wọ́n kéde ní 2024, pẹ̀lú nǹkan bí èèyàn 300 ní orílẹ̀-èdè mélòó kan tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé àtúnlò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tuntun. Àmọ́ ti ìlù tó falẹ̀ nìyẹn. Kò kan ti ọlọ́dẹ.

Bàbá wa ti ṣe ECG rẹ̀. Fífẹ̀ ìgbì náà jẹ́ 104, onílù ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Ohun tó fà á kò pa mọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún pípẹ́, oògùn tó ń lò nígbà tí orí bá fọ́ ọ, tó sì ń pa tì nígbà tí kò bá fọ́ ọ. Ó ti wà lórí oògùn mẹ́rin báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kà á sí i lọ́wọ́ ní àárọ̀ àti lálẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ́kò kejì. Bí nọ́ńbà bá ṣì wà lábẹ́ 35, ìbéèrè ICD á tún jí, lẹ́ni ọdún 66, níbi tí ìwádìí Denmark kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà ti gbà láti dúró. Ó ṣì ń fi owó náà pamọ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán ní yàrá rẹ̀, Bàbá dákẹ́ pẹ́, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí kò sí ẹnì kankan lórí WhatsApp tó ronú kàn án. Ó ní, "Bí àkókò mi bá tó, tí mo bá fẹ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé iná yẹn á tún máa ta mí padà?"

Mo ní, "Bàbá, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá pa iná ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n dókítà lè fi kọ̀ǹpútà pa iná náà láìla yín lára, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Bí ìlú bá jìnnà, òòfà tí wọ́n bá gbé lé e lórí láyà lè dá iná dúró fún àkókò náà."

Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fún dókítà ṣáájú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó.